Nígbà Tí Fílítà Ọ́ìlì Bá Kọ̀ Tí Kò Tú

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kì í ṣe ọjọ́ ìpẹja ní Jamestown, ní Accra. Láti ayébáyé ni àwọn Gà tó ni ìlú náà ti ya ọjọ́ yẹn sọ́tọ̀ fún òkun, ẹnikẹ́ni kì í sì í ju àwọ̀n. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀ á tò sórí yanrìn, àwọn apẹja á jókòó sábẹ́ ibòji, wọ́n á máa di àwọ̀n tó ya. Ọjọ́ yẹn náà ló dáa jù fún awakọ̀ takisí tó bá fẹ́ tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀, torí pé àwọn ìyá ẹlẹ́ja tó máa ń háyà ọkọ̀ láàárọ̀ kò ní jáde.

Ẹ fojú inú wo ọ̀kan lára irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, àmọ́ Accra ni wọ́n ti bí òun. Ọkọ̀ rẹ̀ ti lé ní ogún ọdún, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sì pọ́n bí ọsàn, bí takisí ṣe máa ń rí ní Gánà. Ọkọ̀ náà kò tíì di tiẹ̀. “Work and pay” ni wọ́n ń pe àdéhùn tó bá olówó ọkọ̀ ṣe: kó máa fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́, kó máa san iye kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó bá sì san án pé, ọkọ̀ á di tiẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́ta péré. Bí ẹ́ńjìnì bá bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta yìí, òun ló máa tún un ṣe, owó ọ̀sẹ̀ kò sì ní torí ẹ̀ dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, ó fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì fúnra rẹ̀ kó má bàa sanwó iṣẹ́. Ó ra gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan àti fílítà tuntun. Ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, ó da ọ́ìlì dúdú sínú ọpọ́n, ó wá nawọ́ sí fílítà. Fílítà kò mira. Ó fi àkísà dì í mú, ó lọ́ ọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n, pàbó ló já sí. Ni inú bá bí i. Ó mú sukurudíráfà gígùn àti òòlù, ó fẹ́ gún fílítà náà ní àgúnyọ kó lè fi yí i.

Ọ̀gá fítà àgbàlagbà kan tó ń kọjá lọ ló dá a dúró. Fítà ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì ní Gánà.

“Ọmọ mi, gbé òòlù yẹn sílẹ̀ ná,” ni bàbá náà wí. “Tó o bá ti gún un, kò sí àpadàsẹ́yìn mọ́.”

“Ataa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí,” ni awakọ̀ náà fèsì. Ataa ni àwọn Gà fi ń pe bàbá tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún.

Ohun tí bàbá àgbà yìí mọ̀ wúlò fún gbogbo ìdílé tó ní ọkọ̀ tó ti pẹ́, yálà Accra ni wọ́n ń gbé, tàbí Ìbàdàn, tàbí Kútọnu.

Ibi tí iyọ̀ òkun ti ń jẹ irin

Ngleshie Alata ni àwọn Gà ń pe Jamestown. Látinú orúkọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ́ odi James Fort síbẹ̀ ní 1673, ni “Ngleshie” ti wá. Ní ti “Alata,” àwọn òpìtàn so ó mọ́ Allada, ìlú kan tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti apá ibẹ̀ ló tẹ̀dó sẹ́gbẹ̀ẹ́ odi náà. Nígbà tó yá, orúkọ yẹn kan náà làwọn ará Gánà fi ń pe àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò láàárín wọn. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí bẹ́ẹ̀, nígbà náà, pé kí ọmọ Yorùbá máa ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ní Jamestown.

Etí òkun gan-an ni àdúgbò náà wà. Ọdún 1871 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ilé iná tó ń tọ́ àwọn ọkọ̀ òkun sọ́nà síbẹ̀, èyí tó wà níbẹ̀ báyìí sì ti wà láti àwọn ọdún 1930. Nígbà kan, ibẹ̀ ni ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù Accra, kí èbúté Tema tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962. Tema náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ń gbà wọ Gánà lónìí.

Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti orí òkun máa ń gbé iyọ̀ lọ́wọ́. Iyọ̀ yìí á bà sára irin, ọ̀rinrin á sì so ó mọ́ ọn. Bí ìpẹtà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó ń ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà ló ń ṣe agolo fílítà. Ẹni tó ń gbé ní Bàdágìrì, ní Lẹ́kì tàbí ní Lomé kò ní nílò ẹ̀rí kó tó gbà.

Iṣẹ́ tí fílítà ń ṣe

Inú àwo tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì ni ọ́ìlì máa ń wà. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù á fa ọ́ìlì náà, á tì í gba inú fílítà kọjá, kó tó dé àwọn irin tó ń fara ra ara wọn. Pépà tí wọ́n ká ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po ló wà nínú agolo yẹn. Pépà náà ló ń há ẹ̀rún irin, èédú àti ìdọ̀tí mọ́lẹ̀, bí asẹ́ ṣe ń há èèrí ògì mọ́lẹ̀ kí omi ògì lè jáde ní mímọ́.

Àwọn ọkọ̀ ayé àtijọ́ kò ní in. Ní 1923, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ernest Sweetland ṣe fílítà ọ́ìlì kan tó pè ní Purolator. Kó tó dìgbà yẹn, ìdọ̀tí á kàn máa yí po nínú ẹ́ńjìnì ni, àfi kéèyàn máa pààrọ̀ ọ́ìlì lemọ́lemọ́.

Ṣé fílítà tó ti kún lè dá ọ́ìlì dúró kó má kọjá? Rárá. Àwọn tó ṣe é ti ro ìyẹn. Ọ̀nà àbùjá kan wà tó máa ṣí bí pépà bá dí pa, kí ọ́ìlì má bàa wọ́n ẹ́ńjìnì. Àmọ́ ọ́ìlì tó bá gba ọ̀nà yẹn kò ní sẹ́. Tìdọ̀tí tìdọ̀tí ló máa lọ bá àwọn irin inú ẹ́ńjìnì. Awakọ̀ lè má mọ nǹkan kan fún oṣù bíi mélòó kan. Ọjọ́ tó máa mọ̀, ẹ́ńjìnì ti ń dún kókókó. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kéèyàn sọ pé, “Bí fílítà kò bá tú, mo máa fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” kó sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì nìkan.

Kí ló ń mú kó lẹ̀?

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á. Àkọ́kọ́, rọ́bà róbótó tó wà lẹ́nu fílítà. Bí ẹni tó dì í kẹ́yìn kò bá fi ọ́ìlì pa rọ́bà náà, ooru ẹ́ńjìnì á yan án mọ́ irin. Ìkejì, agbára àṣejù. Àwọn kan máa ń fi sípánà fún fílítà tuntun pinpin, bíi pé ẹnì kan fẹ́ jí i gbé. Ìkẹta, ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọkọ̀ tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní nǹkan bí 5,000 kìlómítà á rin ìlọ́po mẹ́ta, ìpẹtà á sì ráyè ṣiṣẹ́.

Ohun kẹrin tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: àwọn kan ń yí i síbi tí kò yẹ. Fílítà máa ń tú bí ìdérí ìgò ṣe ń tú, sí apá òsì, béèyàn bá kọjú sí ìdí agolo náà. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ńṣe ni fílítà dorí kodò. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti òkè, láti ibi bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò, torí náà òsì ti di ọ̀tún. Ohun tó rò pé òun ń tú, ńṣe ló ń dì í sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ ti Jamestown yìí nìyẹn. Nígbà tí ọ̀gá fítà ní kó fi ọwọ́ júwe bó ṣe ń yí i, bàbá náà rẹ́rìn-ín. “Àtàárọ̀ lo ti ń dì í,” ló wí.

Sùúrù kó tó dórí agbára

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Bí iṣẹ́ ọ̀gá fítà náà ṣe lọ nìyẹn, ní ìpele-ìpele.

Ó kọ́kọ́ ní kí awakọ̀ dá nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ padà, kó sì da ọ́ìlì tuntun sínú ẹ́ńjìnì. Ẹnu ya awakọ̀. Ṣé fílítà àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ fi ọ́ìlì tuntun lò ni? Bàbá náà ṣàlàyé ìdí méjì. Èkíní, ẹ́ńjìnì ti tutù, wọ́n sì nílò ooru kí rọ́bà lè rọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnì kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láìní ọ́ìlì, kì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ìkejì, bí fílítà bá kọ̀ tí kò tú lónìí, odindi ló ṣì wà. Awakọ̀ lè wa ọkọ̀ náà dé Kokompe, níbi táwọn fítà pọ̀ sí, kí wọ́n lọ bá a tú u. Àmọ́ ká ní ó ti fi sukurudíráfà gún un ni, ọkọ̀ kò ní lè kúrò lójú kan mọ́, àfi kí wọ́n fi ọkọ̀ míì wọ́ ọ lọ.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé: Ẹ kọ́kọ́ dán fílítà wò bóyá ó máa tú, kẹ́ ẹ tó da ọ́ìlì nù. Bí ó bá mira, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, kẹ́ ẹ wá tú u tán. Bí kò bá mira, ọ̀nà ṣì wà.

Kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnì, wọ́n fi omi ọṣẹ àti àkísà nu agolo náà títí gbogbo ọ̀rá fi kúrò, wọ́n sì nu ún gbẹ. Ọwọ́ tó lọ́ràá kò lè di ohun tó lọ́ràá mú. Lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n wá pa á. Ooru tí ọwọ́ lè gbà ni wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe èyí tó máa bó èèyàn lára. Ẹ rántí pé páìpù èéfín lè wà nítòsí fílítà, ooru tiẹ̀ sì máa ń pẹ́ lára.

Ọkọ̀ náà wà lórí ìdúró irin méjì. Ọ̀gá fítà kò gbà kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Jáàkì lè yẹ̀, bí ó bá sì yẹ̀, kì í fúnni láyè láti sá. Òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù tí ọ̀pọ̀ ń tò sábẹ́ ọkọ̀ kò dáa, torí búlọ́ọ̀kù lè fọ́ lójijì.

Sáńpépà ni bàbá náà kọ́kọ́ lò. Ó wé e mọ́ agolo, ojú tó rí ṣákaṣàka sí inú, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un, ó sì yí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn náà ti tó. Èyí kò gbọ́.

Ó wá béèrè bóyá bẹ́líìtì fáànù àtijọ́ kan wà nílé. Ọmọbìnrin awakọ̀ náà, ọmọ ọdún méjìlá tó ń bá wọn mú iná tọ́ọ̀ṣì, sáré lọ mú un wá. Ọ̀gá fítà wé bẹ́líìtì náà mọ́ agolo, ó ki irin gígùn kan bọ ojú okùn rẹ̀, ó sì fi irin náà lọ́ ọ títí ó fi fún. Irinṣẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà náà kò yàtọ̀ sí i: òmíràn jẹ́ bẹ́líìtì tó ní ọwọ́ irin, òmíràn jẹ́ ṣéènì, òmíràn sì rí bí ife tó máa ń dé ìdí fílítà. Wọ́n wà ní Abossey Okai ní Accra, wọ́n wà ní Ládípọ̀ ní Èkó. Ẹni tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì fúnra rẹ̀ kò ní kábàámọ̀ tó bá ra ọ̀kan.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi wé e mọ́ òkè?” ni ọmọ náà béèrè.

“O ṣeun tó o béèrè, ọmọ mi,” ni bàbá náà fèsì. “Wo ìdí agolo yìí, ó fẹ́lẹ́ bíi ti mílíìkì. Tí mo bá fún un níbẹ̀, á run. Ṣùgbọ́n níbi tó ti kan ẹ́ńjìnì, irin tó nípọn ló wà nínú ibẹ̀.”

Ó fa irin náà díẹ̀díẹ̀, láìjá a gbà. Ó mí kanlẹ̀, ó tún fà á. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, fílítà náà dún kẹ̀rẹ̀, ó sì yí. Kò gba agbára mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ lásán ló fi tú èyí tó kù.

Bí agolo bá ya ńkọ́?

Nígbà míì, agolo á ti jẹrà tó fi jẹ́ pé bí bẹ́líìtì ṣe ń fà á ló ń ya. Ìgbà yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ sukurudíráfà tó yọjú. Bí wọ́n bá máa gún un, kí wọ́n gún un nítòsí ibi tó kan ẹ́ńjìnì, kí wọ́n sì ṣọ́ra kó má kan irin tó ní eyín ní àárín, torí ara rẹ̀ ni fílítà tuntun máa dì mọ́. Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, torí etí agolo tó ya máa ń géni bí abẹ.

Bí gbogbo agolo bá ya dà nù, tó wá ku àwo irin tó nípọn tó lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, kí wọ́n fi ṣísẹ́lì kékeré sí etí àwo náà, kí wọ́n sì máa fi òòlù kan án jẹ́jẹ́ sí ọ̀nà tó ń gbà tú. Wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ṣísẹ́lì há ojú ẹ́ńjìnì níbi tí rọ́bà máa ń jókòó lé. Bí ibẹ̀ bá ti ní àpá, á máa jò. Ẹni tí kò bá ṣe irú ẹ̀ rí, kó pe mẹkáníìkì. Owó iṣẹ́ kò tó owó ẹ́ńjìnì.

Kí tuntun má bàa lẹ̀

Nígbà tí fílítà àtijọ́ já, ọ̀gá fítà yí i sókè, ó wo ẹnu rẹ̀. Rọ́bà kò sí níbẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ́ńjìnì, ó sì rí i tó lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí mọ́ irin, ó gbẹ, ó sì le bí ike. Ó fi èékánná bó o kúrò, ó sì fi àkísà tó mọ́ nu ibẹ̀.

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe. Bí wọn ò bá yọ rọ́bà àtijọ́, tí wọ́n wá dì tuntun lé e, rọ́bà méjì kò lè jókòó dáadáa lórí ara wọn. Bí ẹ́ńjìnì bá ti fi agbára ti ọ́ìlì, á tú jáde sójú títì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, awakọ̀ tí kò bá sì tètè wo dáṣíbọ́ọ̀dù á wa ẹ́ńjìnì rẹ̀ pa.

Wọ́n fi tuntun wé àtijọ́: ṣé rọ́bà wọn fẹ̀ bákan náà, ṣé eyín àárín wọn bára mu? Ọ̀gá fítà ti ìka bọ ọ́ìlì tuntun, ó fi pa rọ́bà náà yí ká. Ó fi ọwọ́ yí fílítà náà wọlé títí rọ́bà fi kan irin. Láti ibẹ̀, ó fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kún un, bí wọ́n ṣe sábà máa ń kọ ọ́ sára páálí, ó sì ṣíwọ́. Ọwọ́ nìkan, kò fi sípánà kàn án.

Ó ní kí ọmọ náà fi bírò kọ ọjọ́ òní àti iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn sára fílítà náà, kí ẹni tó bá máa tú u lọ́jọ́ iwájú má bàa máa méfò.

Wọ́n wá tan ẹ́ńjìnì. Iná ọ́ìlì pupa yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó kú. Ká ní kò kú ni, kíá ni wọ́n á pa ẹ́ńjìnì. Ọ̀gá fítà tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ọkọ̀, kò rí ìkán kankan. Wọ́n pa ẹ́ńjìnì, wọ́n ní sùúrù díẹ̀, wọ́n fi irin ìwọ̀n wo ọ́ìlì, wọ́n sì fi díẹ̀ kún un, torí fílítà tuntun ti mu tiẹ̀.

Ọ́ìlì dúdú tó wà nínú ọpọ́n

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Awakọ̀ náà gbé ọpọ́n ọ́ìlì dúdú, ó ń wo gọ́tà. Omi gọ́tà Jamestown kò lọ jìnnà kó tó dé òkun, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà sì ni ọ̀sà Korle wà, omi tí àwọn Gà ń bọ̀wọ̀ fún láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn. EPA, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, sọ pé ọ́ìlì tí wọ́n dà nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ba mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù omi jẹ́. Inú omi yẹn ni àwọn ìyá ẹlẹ́ja ti ń rí ẹja tí wọ́n ń háyà takisí tìtorí ẹ̀.

Awakọ̀ náà rọ ọ́ìlì dúdú sínú gálọ́ọ̀nù tí tuntun ti tán nínú ẹ̀, ó dé e pa. Ó dorí fílítà àtijọ́ kodò kó lè ro tán. Ibi tí àwọn fítà wà ni wọ́n máa kó wọn lọ, níbi táwọn tó ń ra ọ́ìlì àlòkù ti ń wá gbà á. Òun àti ọmọ rẹ̀ wá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ wọn dé ìgúnwọ́, torí ọ́ìlì àlòkù kò dáa fún awọ ara.

“Ataa, èló ni kí n san?” ló béèrè.

Ọ̀gá fítà na ọwọ́ sí òkun. “Lọ́la, tí àwọn ọkọ̀ bá dé láti orí omi, wá fi takisí rẹ gbé ẹja ìyàwó mi lọ sọ́jà. Má gbowó lọ́wọ́ ẹ̀.”

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí takisí náà ti dúró sétí òkun. Kí awakọ̀ náà tó ṣí iná, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀. Ilẹ̀ gbẹ. Oṣù mẹ́ta ló kù.